Ajá Kan Láàárín Kìnnìún Mẹ́ta

Jórinjórin kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ irin jíjó kì í jẹ́ kéèyàn mọ ọ̀rọ̀ sọ: bí iná bá ń ta yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́, tí èéfín ń rú, tí awò dúdú sì bo ojú, ta lèèyàn fẹ́ bá tàkúrọ̀sọ? "Bẹ́ẹ̀ ni" ló máa ń sọ jù. Bí oníbàárà bá ní kó fi kún ọ̀pá fèrèsé, bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá ní kó yọ ọ́ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni náà ni. Nídìí iṣẹ́, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, torí irin ṣeé gé, ó sì ṣeé tún jó. Ọ̀rọ̀ ilé àna ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Aránṣọ ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Jórinjórin ti wá kí àwọn òbí rẹ̀ nílé rí, wọ́n ti fún un ní àga, wọ́n ti fún un ní omi tútù, ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí mò ń wí yìí ni wọ́n kọ́kọ́ pè é síbi káàdì. Nínú ilé náà, wọ́n lè bọ́ àlejò yó láìmọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í pe àlejò síbi káàdì. Bàbá Aránṣọ ló mú eré náà wálé. Ọkọ̀ ojú irin ló fi ayé rẹ̀ wà kó tó fẹ̀yìn tì, inú yàrá tí àwọn awakọ̀ ti ń sinmi ló sì ti kọ́ ọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n gba aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba fìlà, wọ́n gba fèrè. Wọn ò rántí gba káàdì.

Eré náà ò le. Àwòrán ẹranko ló wà lára káàdì: kìnnìún, ajá, ẹṣin, ewúrẹ́, àkùkọ, ẹja àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n, ọmọ ìyá sì ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n á pín káàdì mẹ́jọ-mẹ́jọ fún oníkálukú. Bó bá kàn ọ́, o lè fa ọ̀kan nínú èyí tó kù nílẹ̀ kí o sì ju ọ̀kan nù, tàbí kí o bá ẹnikẹ́ni nídìí tábìlì dúnàádúrà: gbé ẹṣin wá, gba ẹja. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó agbo ọmọ ìyá méjì jọ láìdín ọ̀kan ló borí. Ẹni tí tirẹ̀ bá jìnnà jù sí agbo méjì ló kẹ́yìn, òun ló máa fọ abọ́. Òfin kan ló wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: àdéhùn tí a bá fẹnu ṣe nídìí tábìlì ò gbọdọ̀ yẹ̀, àfi bí àwọn tó ṣe é bá tún un ṣe lójú gbogbo ilé. Èyí tí a bá ṣe ní kọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ni.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ ṣe ti kọ̀rọ̀. Wọn ò tíì wọ ẹnu ọ̀nà tó fi fa Jórinjórin lápá.

"Gbọ́. Káàdì yòówù tí Bàbá bá béèrè lọ́wọ́ ẹ, fún wọn. Má dúnàádúrà kankan. Tí wọ́n bá ti borí, ara wọn á rọ̀. Ìgbà yẹn ni màá dá ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́. Kí n fún wọn."

Wọ́n wọlé. Kò tíì jókòó tí Màmá fi pè é láti kíṣìnnì. "Ọmọ mi, wá bá mi wo ilẹ̀kùn irin yìí. Ó ń han mí létí."

Jórinjórin ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í, ó tún un ṣí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo irin tó fi ń yí. Kò rí nǹkan kan.

"Mà, kò dún."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí, ó sì pa ilẹ̀kùn náà dé. "Ọ̀rọ̀ ojú Bàbá yín ni mo fẹ́ bá ẹ sọ. Awọ funfun kan ti bò ó. Dókítà ní iṣẹ́ kékeré ni, àwọn á ká a kúrò, wọ́n á lọ sílé lọ́jọ́ náà. Bàbá yín kọ̀. Wọ́n ní ojú àwọn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n wá jẹ́jẹ̀ẹ́ lójú mi pé ọjọ́ tẹ́nikẹ́ni bá borí àwọn nídìí káàdì, ọjọ́ yẹn làwọn á gbà pé ojú ti bàjẹ́, àwọn á sì lọ. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó borí wọn."

"Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n ta tó bẹ́ẹ̀ ni, Mà?"

"Ta ló mọ̀ ọ́n ta? Àwọn ọmọ ló ń kó káàdì fún wọn bí ẹni ń da àgbàdo fádìẹ. Èmi nìkan ò lè dá wọn dúró. Má fún wọn ní nǹkan kan. Èmi ni kó o máa kó o fún. Àwọn ọmọ ò mọ̀ pé a lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìwọ náà ò sì mọ̀."

Obìnrin tó bí ìyàwó ẹni kò ṣeé kọ̀ fún, pàápàá nínú kíṣìnnì tirẹ̀. Jórinjórin ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Bàbá ló bá níbẹ̀, lórí àga onírin, tó kọjú sí oòrùn bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ohùn ẹ ni mo fẹ́ gbọ́." Bàbá yí àga rẹ̀ díẹ̀. "Ṣé o mọ àṣírí pa mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kìnnìún àti ajá tó wà nínú káàdì wa, ẹni tó yà wọ́n ò mọṣẹ́. Wọ́n jọra jù. Ìwọ jókòó lápá òsì mi. Tó o bá rí i pé mo fẹ́ mú ajá fún kìnnìún, rọra fẹsẹ̀ kàn mí lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbé ẹ wá sílé yìí, èmi náà á gbọ́ ọ délẹ̀délẹ̀."

Jórinjórin rò ó. Kò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kéèyàn má fẹsẹ̀ kan àna rẹ̀ lẹ́sẹ̀, bí àna náà bá ti fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó gbà.

Ó kù díẹ̀ kó wọlé ni Onígbàjámọ̀ dá a dúró nídìí ẹ̀rọ omi. Ọkọ àbúrò Aránṣọ ni Onígbàjámọ̀. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìnkùlé ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í sí nílé lọ́jọ́ Àìkú, torí ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́ kì í tì.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Onígbàjámọ̀ wí, "ẹ̀gbọ́n ni màá máa pè yín, torí ìyàwó yín lẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n nídìí káàdì, èmi ni mo ṣáájú yín wọlé. Àtìgbà tí mo ti délé yìí ni mo ti ń kẹ́yìn. Ẹ wo ọwọ́ mi." Ó na ọwọ́. Omi abọ́ ti jẹ orí ìka rẹ̀ funfun. "Ọwọ́ tó ń di abẹ fẹ́lẹ́ mú lọ́rùn èèyàn nìyí. Ẹ bá mi kẹ́yìn lónìí. Ọjọ́ ìgbéyàwó yín, èmi ni màá gẹrun fún yín, màá sì gé irùngbọ̀n yín bí ẹni ya àwòrán."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Jórinjórin wí.

Báyìí ló ṣe di pé ó ti ṣe àdéhùn mẹ́rin kó tó fojú kan káàdì. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń gbìyànjú láti tò wọ́n pa pọ̀ bó ṣe máa ń to irin kó tó dáná sí i. Kó jẹ́ kí Bàbá borí. Kó má jẹ́ kí Bàbá borí. Kó máa ṣe ojú fún Bàbá. Kóun fúnra rẹ̀ kẹ́yìn. Ti Onígbàjámọ̀ nìkan ló rí ibi fi jókòó. Ìyókù ń ti ara wọn.

Pálọ̀ ni wọ́n ti ń ta á, lórí tábìlì tí wọ́n fi rọ́bà olódòdó bò. Bàbá jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ bọ́ sórí káàdì. Jórinjórin wà lápá òsì, Màmá lápá ọ̀tún, Aránṣọ àti Onígbàjámọ̀ kọjú sí wọn. Onígbàjámọ̀ ló pín káàdì, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Jórinjórin ṣí tirẹ̀ wò: kìnnìún kan, ẹṣin kan, ìyókù rí wúruwùru.

Nígbà tó kan Bàbá, ó gbé káàdì sún mọ́ imú bí ẹni ń gbóòórùn wọn. "Ẹṣin ni mò ń wá. Ta ló ní i?"

"Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, Bàbá," ni Onígbàjámọ̀ dáhùn. "Ẹ gbà."

"Kí lo fẹ́ gbà?"

"Ohunkóhun, Bàbá."

"Kò sí káàdì tó ń jẹ́ ohunkóhun," ni Màmá wí.

Bàbá fún un ní ẹja kan, ó sì gba ẹṣin. "Mo ti ní mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin ńkọ́?" Ó yíjú sí apá òsì rẹ̀. "Ìwọ ajórin, o dákẹ́ jù."

Aránṣọ ń wo Jórinjórin. Màmá ń wò ó. Ó dà bí ìgbà tí iná méjì bá ń jó èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mo ní i, Bàbá. Mo ṣì ń rò ó ni."

"Kí ló wà níbẹ̀ láti rò?" ni Aránṣọ bi í.

"Jẹ́ kó rò ó," ni Màmá wí. "Ìrònú ò pààyàn rí."

Bàbá fẹ̀yìn ti àga. Ó dájú pé ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti jẹ́ kó sanwó lé káàdì kan lórí, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀ sí i. "Ó dáa. Àkùkọ kan."

Jórinjórin tún káàdì ọwọ́ rẹ̀ tò.

"Àkùkọ kan, àti ìlérí pé n ò ní béèrè ẹja lọ́wọ́ ẹ títí a fi máa parí."

"Kò ní ẹja lọ́wọ́," ni Màmá wí.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo rí i lójú ẹ̀."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni Onígbàjámọ̀ fi kún un. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá fa káàdì kan yọ láti fi hàn pé òtítọ́ lòun ń sọ, ó sì nà án. Ajá ni, kì í ṣe àkùkọ. Jórinjórin rántí ẹsẹ̀. Ó rọra na tirẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó fi kan ẹsẹ̀ tó bá pàdé. Ẹsẹ̀ Màmá ni.

Màmá rò pé àdéhùn kíṣìnnì ló ń pè é. Kò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀tún wo òsì. "Èmi á fún ẹ ní àkùkọ méjì fún ẹṣin náà," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Jórinjórin wí, ẹnu rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ kí etí rẹ̀ tó gbọ́.

"Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń nájà," ni Bàbá wí.

"Ó ń nájà, kò tíì tà. A ti ṣe é nídìí tábìlì," ni Màmá wí, ó sì gba ẹṣin rẹ̀.

Òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ Aránṣọ. Ó ní omi tó wà níbẹ̀ ò tutù, kí Jórinjórin bá òun gbé òmíràn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dojú kọ ọ́.

"Kí lo bá Màmá sọ?"

"N ò lè sọ. Mo ti ṣèlérí."

"Ìlérí tó o ṣe fún mi ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀ náà."

"Ta lo tún ṣèlérí fún?"

Jórinjórin wo òrùlé, ó wo ilẹ̀. "Gbogbo yín," ni ó wí.

Aránṣọ fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ojú ọmọkùnrin náà kò jẹ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ọ̀rọ̀ ojú Bàbá ni?" Jórinjórin tún wo òrùlé, èyí tó jẹ́ ìdáhùn. "Mo mọ̀," ni Aránṣọ wí. "Lọ́jọ́ kan, wọ́n bu omi, ẹ̀gbẹ́ ife ni wọ́n bù ú sí. Mo nù ún. Wọn ò mọ̀ pé mo nù ún. Mo rò pé èmi nìkan ni mo rí i."

Ìgbà yẹn ni Jórinjórin sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ náà fún un. Àṣírí Màmá ló tú, ó sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó wò ó pé ọmọ kò lè máa nu omi lẹ́yìn bàbá rẹ̀ títí láìmọ ohun tó fà á. Aránṣọ gbọ́ ọ tán, ó fi igo omi kan àyà.

"Àá tún tiwa ṣe nígbà náà. Ohun tí Màmá ní kó o ṣe ni kó o ṣe."

"Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ńkọ́?"

"Ṣé ìgbéyàwó ń sá lọ ni?"

Wọ́n padà síbi tábìlì. Àdéhùn mẹ́rin ti di mẹ́ta, ara Jórinjórin sì fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wà lọ́dẹ̀dẹ̀, Onígbàjámọ̀ ti fi ewúrẹ́ méjì tọrẹ, ọmọ ìyá ewúrẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti wà nílẹ̀ níwájú Bàbá, wọ́n tò gbọnrangandan. Ó ku agbo kan. Aránṣọ kọ̀ láti fún Bàbá ní ẹja tó béèrè, ó ní àfi kó fún òun ní ẹṣin méjì. Bàbá gbójú sókè sí i, ẹnu yà á. Màmá kọ̀. Jórinjórin kọ̀. Bàbá fa káàdì nílẹ̀, ó fà, ó tún fà nígbà tó tún kàn án, ó sì ń ju àwọn ẹṣin rẹ̀ nù lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọ̀kan sún mọ́ imú, ó wò ó títí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kìnnìún," ni ó wí. "Mo ti borí."

Ó to mẹ́rin kalẹ̀. Kìnnìún, kìnnìún, kìnnìún, ajá. Ajá náà yọ ahọ́n síta.

Ẹsẹ̀ Bàbá kò jìnnà sí ẹsẹ̀ Jórinjórin. Kìnnìún kẹrin gan-an wà lọ́wọ́ Jórinjórin, ó ń wò ó. Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ lọ. Kò jẹ́ kó lọ.

"Bàbá ti borí," ni Onígbàjámọ̀ wí, ó sì na ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó káàdì jọ kíákíá, ajá náà ló kọ́kọ́ kó. Ọwọ́ ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́ ni. Màmá ń wo fáànù. Aránṣọ ń wo èékánná rẹ̀. Ìgbà náà ni ó yé Jórinjórin: kì í ṣe pé àwọn ará ilé ń fún Bàbá ní káàdì nìkan. Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti ń fi ajá borí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa sọ ọ́. Màmá ń wá ẹni tó máa borí ọkọ rẹ̀ torí kò fẹ́ kí wọ́n dójú tì í. Onígbàjámọ̀ ń kó káàdì torí òun náà kò fẹ́. Ọ̀wọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀wọ̀ náà ló sì ń mú ojú arúgbó náà lọ díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá," ni Jórinjórin wí, "ajá kan wà láàárín wọn."

Ọwọ́ Onígbàjámọ̀ dúró lórí tábìlì.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Bàbá bi í.

"Èmi ni."

"Ẹsẹ̀ ẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbi tó wà, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ wo?" ni Màmá bi wọ́n. "Ẹsẹ̀ tó kàn mí lẹ́ẹ̀kan yẹn?"

Ọ̀rọ̀ wá di ti ẹyẹ tó bà lé okùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ ẹyẹ. Bàbá sọ ti ẹsẹ̀. Màmá sọ ti kíṣìnnì. Aránṣọ sọ ti ẹnu ọ̀nà. Onígbàjámọ̀ ò fẹ́ sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá wò ó, ó sì sọ ọ́. Bàbá gbọ́ wọn délẹ̀, ojú rẹ̀ ò yí padà.

"Ìwọ ajórin. Ọ̀sán kan ṣoṣo, àdéhùn mẹ́rin nínú ilé mi."

"Mẹ́rin ni, Bàbá."

"Èwo lo mú ṣẹ níbẹ̀?"

Jórinjórin wo káàdì ọwọ́ rẹ̀. "Ti Onígbàjámọ̀. Èmi ni mo kẹ́yìn."

Bàbá fọwọ́ tọ́ rọ́bà olódòdó tó wà lórí tábìlì, bí ẹni ń wá ibi tí òdòdó gbé bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ relẹ̀ nígbà tó tún sọ̀rọ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń tàn mí. Mo rò pé èmi náà ń tàn yín ni."

Jórinjórin fi kìnnìún rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì tì í síwájú díẹ̀, kò tì í dé ọ̀dọ̀ Bàbá.

"Bàbá, gbogbo èyí tá a ṣe ní kọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ni. Òfin yín ló wí bẹ́ẹ̀. Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan nídìí tábìlì. Kìnnìún kẹrin nìyí. Tí ẹ bá gbà á, ẹ̀yin lẹ borí, ẹ̀jẹ́ yín ò sì yẹ̀. Ẹ má lọ sọ́dọ̀ dókítà torí pé wọ́n borí yín. Ẹ lọ torí pé ẹ ra kìnnìún lọ́wọ́ mi, owó rẹ̀ sì nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù tó ti sọ rí nínú ilé náà nìyẹn. Òógùn bo imú rẹ̀.

Bàbá na ọwọ́ lé káàdì náà, kò gbé e. "Màá lọ lẹ́yìn òjò."

"Lọ́sẹ̀ yìí," ni Màmá wí.

"Lóṣù tó ń bọ̀."

"Kìnnìún náà á padà sọ́wọ́ olówó ẹ̀," ni Aránṣọ wí.

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ojú kan. Tí mo bá rí bó ṣe rí, àá jọ tún ti ìkejì sọ."

Màmá rò ó. "Mo gbà."

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dì mí lọ́wọ́ mú bí ọmọdé."

"Tí ẹ bá fẹsẹ̀ kọ ńkọ́?" ni Màmá bi í.

"Ajórin ni kó bá mi lọ. Kì í sọ̀rọ̀." Bàbá wá yíjú sí i. "Ìwọ fúnra ẹ, kí lo fẹ́? O ti tajà fún gbogbo ilé, o ò dárúkọ tìẹ."

Ó ti gbàgbé. Aránṣọ ta á nípàá lábẹ́ tábìlì, ibi tó yẹ ló sì bà.

"Ọjọ́ ìgbéyàwó, Bàbá."

"Ìyẹn ò sí nínú èyí," ni Bàbá wí. "N kì í fọmọ mi ṣe pàṣípààrọ̀ káàdì. Lọ mú àwọn ẹbí ẹ wá, kí ẹ wá bí èèyàn." Ó sì gbé kìnnìún náà.

Jórinjórin fọ abọ́. Onígbàjámọ̀ dúró tì í, ó ń nù wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Jórinjórin ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀, ó sì bá Bàbá lọ sílé ìwòsàn ojú. Ó rìn níwájú díẹ̀, ó ń fi bàtà rẹ̀ gbá ilẹ̀ kí ó lè máa dún. Bàbá ń tẹ̀ lé ìró náà. Kò sẹ́ni tó di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan, láàárín àwọn èèyàn tí wọ́n fi òwú dí ojú kan.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Bàbá tẹ̀ sún mọ́ ọn. "Tí mo bá fún ẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó nísinsìnyí, lórí bẹ́ǹṣì yìí, ṣé a lè máa lọ sílé?"

Jórinjórin rò ó dáadáa, torí kì í ṣe òmùgọ̀. "Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tí ẹ bá jáde, Bàbá."

"Tí mo bá jáde, ó lè ti wọ́n."

"Ó lè wọ́n lóòótọ́, Bàbá."

Bàbá fẹ̀yìn ti ògiri. "Mo ti wa ọkọ̀ nínú kùrukùru rí," ni ó wí. "Mi ò rí ojú irin, mi ò rí imú ọkọ̀. Ẹ̀rù ò bà mí. Àmọ́ irin ni wọ́n fẹ́ kì bọ̀ mí lójú yìí."

"Irin wọ èmi náà lójú rí, Bàbá. Níbi iṣẹ́. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́."

"Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Díẹ̀. Ìgbà tí mò ń dúró dè é ló dùn mí jù. Mo sunkún."

"Lójú gbogbo èèyàn?"

"Lórí bẹ́ǹṣì bí èyí."

Bàbá ronú sí i. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè é, ó dìde, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn. Jórinjórin di ọwọ́ náà mú títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí òwú kúrò lójú rẹ̀, gbogbo wọn wà ní pálọ̀. Bàbá ṣẹ́jú, omi ń jáde. Ó kọ́kọ́ wo Màmá, ó wò ó títí.

"O ti dàgbà," ni ó wí.

"Ẹ̀yin náà ti dàgbà," ni Màmá dáhùn. "Èmi ti ń wò yín bọ̀ láti ọjọ́ yìí." Ó sì yíjú sápá kan, ó ní iná kíṣìnnì ń jó.

Bàbá wo ògiri, ó ní ta ló kùn ún ní àwọ̀ yìí. Ó wo Onígbàjámọ̀, ó ní kó bá òun gé irun etí òun, pé kí ló dé tí gbogbo wọn ń wò ó tí wọn ò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló wo Jórinjórin, láti orí dé ẹsẹ̀.

"Mo rò pé o ga jù báyìí lọ."

"Bí mo ṣe ga mọ nìyí, Bàbá."

"Kò burú. Ohùn ẹ ló ga."

Nígbà tí àbúrò bàbá Jórinjórin wá bá wọn sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bí èèyàn, ọ̀sán gbogbo ni òun àti Bàbá fi nájà ọjọ́. Bàbá ní ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ṣe ojú kejì ni, torí òun fẹ́ fi ojú méjèèjì rí i. Wọ́n gbà fún un. Kò béèrè nǹkan míì.

Aránṣọ sin Jórinjórin dé ibi tó ti máa wọkọ̀. Ó bi í ní ohun tí Bàbá bá a sọ lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ ilé ìwòsàn, torí Bàbá máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ti dárúkọ ibẹ̀. Jórinjórin sọ ọ́ fún un, àyàfi ti ọwọ́.

"Wọ́n fún ẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó lọ́fẹ̀ẹ́, o kọ̀ ọ́?"

"Mo kọ̀ ọ́."

"O ò sì sọ fún mi."

"Mo rò pé o máa bínú."

Ọkọ̀ dé, ó dúró, agbowó ọkọ̀ bi wọ́n bóyá wọ́n ń lọ. Jórinjórin wo Aránṣọ. Aránṣọ di ẹ̀wù rẹ̀ mú níbi ìgbọ̀nwọ́, ó ń wo bí wọ́n ṣe rán an, ó ní ta ló rán ìránkúrán báyìí fún un. Ọkọ̀ náà lọ. Wọ́n dúró de òmíràn.